Ìgbín tí Ìkarahun Kò Tẹ̀ Lé: Bí Àwọn Òmòòkùn ṣe ń Ka Ẹ̀dá Etí Òkun àti Ohun tí Ó Kan Èdè Wa Níbẹ̀

Bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀ lé e. Láti kékeré ni a ti gbọ́ òwe yìí, a kò sì rí ìdí tí a fi lè jiyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbín kan ń bẹ nínú òkun tí òwe náà kò bá mu. Nígbà tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú ẹyin, ìkarahun kékeré wà lára rẹ̀. Bí ó bá ti ń dàgbà, yóò bọ́ ọ sílẹ̀, yóò sì máa fà kiri láìsí i títí tí yóò fi kú. Ọ̀wọ́ tí ó lókìkí jù nínú wọn nìkan ju ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ẹ̀yà lọ.

Ohun tí ó gbé wa dé orí ọ̀rọ̀ yìí ni àyọkà kan tí a fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa nínú kíláàsì ògbufọ̀. Ọ̀kan kọ ‘kòkòrò òkun’, èkejì kọ ‘ìdin aláwọ̀ mèremère’, ẹ̀kẹta ní ekòló ni. Kò sí ẹni tí ó kọ ìgbín. Ojú ni wọ́n fi túmọ̀ ọ̀rọ̀, wọn kò fi ìmọ̀ túmọ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni èdè wa kò tálákà ní ìhà yìí: a ní ìgbín, a ní ìpére, a ní ìlákọ̀ṣẹ, a ní ìṣáwùrú inú odò, owó ẹyọ tí àwọn baba wa sì ná, ilé ìgbín òkun ni. Ẹ̀dá tí a ń wí yìí, ìbátan gbogbo wọn ni. Ìwo méjì tí ó yọ síwájú orí rẹ̀ tó láti fi hàn wá. Bíi ti ìgbín ilẹ̀ wa pẹ̀lú, akọ àti abo ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lẹ́ẹ̀kan náà.

Orúkọ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fún ọ̀wọ́ ńlá náà, Nudibranchia, tún lè ṣi ògbufọ̀ lọ́nà. Látìn àti Gíríìkì ni wọ́n so pọ̀. Ẹ̀yà ara tí ẹranko náà fi ń mí ni ó wà ní ìhòòhò, tí ó dúró ní gbangba bí òdòdó lẹ́yìn rẹ̀. Kì í ṣe ẹranko náà fúnra rẹ̀ ni orúkọ ń pè ní oníhòòhò. Ẹni tí ó bá kọ ‘ìgbín oníhòòhò’ ti gbé ìhòòhò fún ẹni tí kò ni ín. ‘Aláìníkarahun’ ni àwa yóò máa lò níhìn-ín.

Àwọn tí ó mọ̀ wọ́n dáadáa ni àwọn òmòòkùn. Ní ọdún 2013, ní Nelson Bay ní ìpínlẹ̀ New South Wales ní ilẹ̀ Ọsirélíà, Stephen Smith ti Yunifásítì Southern Cross àti àwọn ẹgbẹ́ òmòòkùn bẹ̀rẹ̀ ètò kíka àwọn aláìníkarahun. A dá ọjọ́ díẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá lè mòòkùn, yálà ó kàwé sáyẹ́ǹsì tàbí kò kà á, yóò wọ omi, yóò ya àwòrán gbogbo èyí tí ó bá rí, yóò sì fi ránṣẹ́ pẹ̀lú ọjọ́ àti ibi tí ó ti rí i. Ètò náà ti tàn dé àwọn èbúté mìíràn láti ìgbà náà.

Kò di dandan kí ọkọ̀ ojú omi wà nínú rẹ̀. Láti etí omi ni wọ́n ti ń rìn wọlé. Ṣùgbọ́n ìṣàn omi le púpọ̀ níbẹ̀, nítorí ẹnu ọ̀nà tí òkun ń gbà wọlé tí ó sì ń gbà jáde ni. Òmòòkùn kò lè wọ omi nígbà tí ó bá wù ú. Yóò dúró títí omi yóò fi kún tán, tí kò sì tíì bẹ̀rẹ̀ sí fà, nígbà tí ó bá dákẹ́ rọ́rọ́. Ibi tí kò jìn ni ó dára jù fún iṣẹ́ náà, ìdí rẹ̀ kò sì ṣòro. Ní mítà 10 sísàlẹ̀, agbára tí ó ń tẹ ara jẹ́ ìlọ́po méjì ti òkè. Nítorí náà ìlọ́po méjì afẹ́fẹ́ ni èémí kọ̀ọ̀kan ń fà nínú sílíńdà. Ní mítà 5, ìlọ́po kan àti ààbọ̀ péré ni. Ẹni tí ó ń wá ohun tí ó lè má gùn ju hóró ìrẹsì lọ nílò àkókò, kò nílò ibú.

Báwo ni a ṣe ń wá a? Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà kì í wá ìgbín, oúnjẹ ìgbín ni ó ń wá. Àwọn kan ń jẹ kànìnkànìn òkun, wọn kì í sì í kúrò lórí irú èyí tí wọ́n ń jẹ. Àwọn kan ń jẹ àwọn ẹ̀dá olóró tí ó rí bí igi wẹ́wẹ́. Oró tí wọ́n bá jẹ náà ni wọ́n ń kó pamọ́ sínú àwọn ohun bí ìka tí ó wà lẹ́yìn wọn, tí wọ́n sì fi ń dáàbò bo ara wọn. Elysia chlorotica ti etí òkun ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà ń fa oje ewé òkun mu, ó sì ń pa ohun tí ó mú ewé tutù mọ́ sínú ara rẹ̀, tí òun náà fi tutù yọ̀yọ̀ bí ewé. Bí òmòòkùn kò bá rí ìgbín, ó lè rí ẹyin rẹ̀, tí a ká roboto bí ọ̀já sára àpáta. Ìyá kò ní jìnnà. Kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ ru yanrìn sókè pẹ̀lú, nítorí bí omi bá ti dàrú, iṣẹ́ ọjọ́ náà parí nìyẹn.

Dídá ọ̀kan mọ̀ yàtọ̀ sí èkejì ni iṣẹ́ gan-an. Ní gúúsù ìlà-oòrùn Ọsirélíà, Goniobranchus splendidus funfun, ó ní àmì pupa kiri ara, etí rẹ̀ sì pupa rúsúrúsú bí ìyeyè. Hypselodoris bennetti náà ní àmì pupa àti etí aláwọ̀ ìyeyè, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀yà ọ̀tọ̀ ni. Aṣọ ẹbí ni a lè pe èyí: ẹja tí ó bá ti tọ́ ọ̀kan wò tí ẹnu rẹ̀ sì korò yóò yẹra fún gbogbo ẹni tí ó bá wọ aṣọ náà. Ohun tí ó ń dáàbò bo ìgbín ni ó ń yọ ẹni tí ń kà wọ́n lẹ́nu. Ìdí nìyí tí àwòrán fi ṣe pàtàkì ju nọ́ḿbà tí òmòòkùn kọ sílẹ̀ lọ. Onímọ̀ lè tún àwòrán wò, kò lè tún ìrántí ẹlòmíràn wò.

Ibì kan wà tí èdè Yorùbá ti ran ìṣirò yìí lọ́wọ́. ‘A kò rí i’ kì í ṣe ‘kò sí’, ọmọdé wa pàápàá kò ní ṣi méjèèjì lò fún ara wọn. Bí òmòòkùn mẹ́wàá kò bá rí ẹ̀yà kan lónìí, àìrí ni wọ́n ní láti kọ. Ó di ìgbà tí a bá kà á ní ibì kan náà, ní àkókò kan náà, lọ́dọọdún, kí a tó lè bẹ̀rẹ̀ sí fura sí àìsí.

Kí ni èrè gbogbo wàhálà yìí? Ẹ̀mí púpọ̀ nínú wọn kì í ju bí ọdún kan lọ, ìṣàn òkun ni ó sì ń gbé àwọn ọmọ wọn kiri. Bí omi bá móoru, wọn kì í pẹ́ fi hàn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2015, nígbà tí omi etí òkun California gbóná ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, Okenia rosacea, aláwọ̀ osùn fẹ́ẹ́rẹ́ tí gúúsù jẹ́ ilé rẹ̀, pọ̀ yanturu ní àríwá níbi tí kò ti wọ́pọ̀. Àwọn tí ó ti ń kà wọ́n tẹ́lẹ̀ ni ó lè sọ pé àjèjì ni.

A tún fún kíláàsì mìíràn ní àyọkà náà lẹ́yìn tí a ti ṣàlàyé. Púpọ̀ nínú wọn gba ‘aláìníkarahun’ láìjanpata. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan na ọwọ́ sókè, ó ní: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, àwọn kan nínú wọn tí ẹ sọ pé ìyókù ìkarahun ṣì wà lábẹ́ awọ wọn ńkọ́, ṣé aláìníkarahun ni a ó pe àwọn náà?” A kọ ìbéèrè rẹ̀ sójú pátákó, a kò sì nù ún kúrò títí agogo fi lù.