Ẹni Tí Ń Gba Gbogbo Ènìyàn Gbọ́

Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n ni ó ti bá irú ènìyàn yìí pàdé. Bóyá ó tilẹ̀ wà nínú ilé yín. Ohunkóhun tí a bá wí fún un ni ó gbà. Bí òjò kò bá rọ̀ lónìí, ó dá a lójú pé yóò rọ̀ lọ́la. Bí ẹnìkan bá yá owó lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò sì san án, yóò wí pé, "Kò ní ni, bí ó bá ní, yóò san án." Àwọn ará ilé a máa fẹ́ràn rẹ̀, síbẹ̀ wọn a máa fi í rẹ́rìn-ín ní kọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi àgbẹ̀ kan ní Ìdànrè ṣe àpẹẹrẹ, nítorí ìlú kòkó ni Ìdànrè í ṣe. Nígbà kan rí, ìgbìmọ̀ ìjọba ni ó ń dá iye owó kòkó. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí a ti tú ìgbìmọ̀ náà ká ní ọdún 1986, àdéhùn di ti àgbẹ̀ àti ẹni tí ń ra kòkó lọ́wọ́ rẹ̀. Àgbẹ̀ wa yìí ti sá kòkó rẹ̀ gbẹ, ó sì ti dì í sí àpò mẹ́wàá. Ọ̀dọ́mọkùnrin oníṣòwò kan dọ̀bálẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀. Bí mo bá ti Àkúrẹ́ dé, ẹ ó gba owó yín pé." Ìyàwó àgbẹ̀ wí pé, "Bàbá àwọn ọmọ, ǹjẹ́ kò yẹ kí a kọ ọ́ sílẹ̀?" Ó dáhùn pé, "Ọmọ tí ó mọ ìwà hù báyìí kò lè purọ́." Oṣù kan kọjá, oṣù méjì kọjá, a kò gbúròó oníṣòwò mọ́. Owó ilé-ìwé àwọn ọmọ sì wà nínú àpò mẹ́wàá náà.

Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí ọkàn irú ẹni bẹ́ẹ̀? Ní ọdún 1986, obìnrin ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, Carol S. Pearson, tẹ ìwé kan jáde lórí irú ọ̀rọ̀ yìí, ó sì gbé e ka orí ẹ̀kọ́ Carl Gustav Jung, oníṣègùn ọkàn ará Switzerland. Ó fi aláìlẹ́tàn ṣáájú, ọmọ òrukàn sì tẹ̀lé e. Nítorí ẹni tí a bá tàn jẹ a máa rí ara rẹ̀ bí ẹni tí kò ní aláàbò mọ́.

Níbí ni ewu wà. Òmíràn yóò sẹ́ pé a tan òun jẹ, yóò sì tún kó kòkó rẹ̀ fún ẹlòmíràn bákan náà. Òmíràn ẹ̀wẹ̀ yóò sọ gbogbo ènìyàn di olè. Àwọn àgbà ní ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò ní gba ọmọ bíbí inú rẹ̀ pàápàá gbọ́, àdánù náà sì ju àpò mẹ́wàá lọ.

Ṣé ìgbàgbọ́ nínú ọmọnìkejì ni ẹ̀bi rẹ̀? Rárá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Julian Rotter ní Amẹ́ríkà, ẹni tí ó ti ń wádìí ọ̀rọ̀ yìí láti ìgbà pípẹ́, kọ ọ́ ní ọdún 1980 pé àwọn tí ń gba ènìyàn gbọ́ kì í sábà purọ́ tàbí rẹ́ni jẹ, inú wọn kì í sábà bàjẹ́, ènìyàn a sì máa fẹ́ wọn lọ́rẹ̀ẹ́; bẹ́ẹ̀ ni wọn kò rọrùn láti tàn jẹ ju àwọn onífura lọ. Toshio Yamagishi ti ilẹ̀ Japan náà fi hàn pé irú wọn a máa tètè kíyèsí àmì àìṣòótọ́. Kò yà wá lẹ́nu. Ẹni tí ń bá ènìyàn lò ni ó ń mọ ènìyàn. Ẹni tí ó ti ilẹ̀kùn mọ́ orí ara rẹ̀, níbo ni yóò ti kọ́ ọ?

Àìbéèrè ni ó pa àgbẹ̀ wa lára. Ẹni tí ó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ìbá béèrè oníṣòwò náà lọ́wọ́ àwọn aládùúgbò. Ìbá fi àpò kan péré dán an wò. Ìbá pe ẹlẹ́rìí, kí ó sì kọ àdéhùn sílẹ̀. Àkọsílẹ̀ kì í ṣe èébú. Ó ń dáàbò bo olóòótọ́ oníṣòwò pẹ̀lú, nítorí ènìyàn a máa gbàgbé.

Àwọn baba Ìdànrè kò ṣe aláìmọ ọgbọ́n yìí. Ní ìgbà ogun, orí òkè ni wọn ń gbé, níbi tí ọ̀tá kò lè tètè dé. Nígbà tí àlàáfíà dé, lẹ́yìn ọdún 1900, wọn sọ̀kalẹ̀ wá sí pẹ̀tẹ́lẹ̀, níbi tí ọ̀nà àti òwò wà. Bí wọn bá fi ìbẹ̀rù jókòó sórí òkè títí, èrè wo ni wọn ìbá rí? Síbẹ̀ wọn kò gbàgbé ọ̀nà òkè. Àtẹ̀gùn tí ó lé ní 600 ni a ń gùn lọ síbẹ̀ títí di òní.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá àti baba, bí onínú funfun kan nínú ilé yín bá ṣubú sọ́wọ́ ẹlẹ́tàn, ẹ má ṣe fi ṣe ẹlẹ́yà, ẹ má sì wí pé, "Ṣé mo ti wí bẹ́ẹ̀?" Ẹ jókòó tì í, ẹ bá a ka ohun tí ó nù àti ohun tí ó kù. Bí ìkórè mìíràn bá dé, kí àgbẹ̀ wa tún kí oníṣòwò pẹ̀lú ọ̀yàyà gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ìyàwó rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìwé àti gègé.