Ọwọ́ Ni Ká Kọ́kọ́ Wò, Ká Tó Fọwọ́ Kan Ọrun

Akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ kan kọ̀wé sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá: "Prof, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, sà. Ọrun oníkẹ̀kẹ́ tí mo rà ń yọ mí lẹ́nu. Ọfà kan á yà sí ọ̀tún, èkejì á yà sí òsì. Ṣé kí n kúkú tà á ni?" Mo ní kó má tíì tà á. Èmi náà ti fi oṣù púpọ̀ tú nọ́ọ̀tì kiri lára ọrun tèmi, láì mọ̀ pé ọwọ́ mi ni ẹ̀bi wà.

Holless Wilbur Allen, ará Missouri ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n fún ní ìwé ẹ̀tọ́ lórí irú ọrun yìí ní 1969. Kẹ̀kẹ́ kéékèèké tó wà lórí rẹ̀ ló ń bá tafàtafà gbé ìwúwo. Bí ọrun bá jẹ́ pọ́ùn 60, tí kẹ̀kẹ́ sì gba ìdá 80 nínú 100, pọ́ùn 12 péré ló kù sọ́wọ́ yín tí ẹ bá fà á dópin. Ó dùn, àbí? Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ bá lọ́ ọrun díẹ̀ báyìí, ọfà ò ní jáde tààrà.

Nítorí náà, ẹ gba ọrun bí ẹni ń ti ilẹ̀kùn, ẹ má dì í bí ọmọ odó. Ìdí àtàǹpàkò ni kó gba ìwúwo rẹ̀; kí àwọn ìka yòókù dẹ̀.

Báwo la ṣe máa mọ̀ bóyá ọwọ́ ni tàbí ọrun? Ẹ na bébà sára férémù, kí ohun tó lè dá ọfà dúró wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ dúró ní nǹkan bíi mítà 2, kí ẹ ta ọfà 5 gba inú rẹ̀. Bí ojú yíya bá yàtọ̀ síra, ọwọ́ ni. Bó bá ya síbì kan náà lẹ́ẹ̀maràrún, ọrun ni: ẹ sún ibi tí ọfà ń gbé lé, kó má tó mìlímítà 1, kí ẹ tún ta. Bí yíya náà bá gùn sí i, ẹ dá a padà sí òdìkejì.

Nígbà tí oríkèé àtàǹpàkò mi bẹ̀rẹ̀ sí í le, ọrun tí mo ti tún ṣe dáadáa tún yà bàrá. Mi ò lè dì í mú bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Mo yọ rọ́bà ìdìmú kó lè tínrín, mo wá ibi tí ọwọ́ ti rọ̀ mí lọ́rùn, mo sì bẹ̀rẹ̀ látorí bébà. Ọwọ́ tí mo ní báyìí ni mo tún un ṣe fún, kì í ṣe ọwọ́ ìgbà èwe mi.

Ìwọ tó o kọ̀wé, lọ ta márùn-ún, kó o ya fọ́tò bébà náà ránṣẹ́ sí mi.