Ọkọ Fẹ̀yìn Tì, Ìyàwó Kò Fẹ̀yìn Tì: Tọkọtaya Ìkìrun Tó Sọ Ọjọ́bọ̀ Di Ọjọ́ Ìgbafẹ́

Ẹ gbọ́ ná, ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà: ta ni yóò kọ lẹ́tà ìfẹ̀yìntì sí yín? Tíṣà á ṣiṣẹ́ títí, ìjọba á kọ̀wé sí i pé ó tó gẹ́ẹ́, kó lọ sinmi. Ṣùgbọ́n télọ̀, bíríkìlà, aláṣọ àti ẹlẹ́lùbọ́, ta ló ń kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ sí wọn? Ọjọ́ tí ara bá kọ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ń fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ló fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàrin tọkọtaya àgbà kan ní Ìkìrun. Bàbá ṣe tíṣà títí ó fi pé ọgọ́ta ọdún. Aṣọ ni Ìyá ń tà lọ́jà. Nígbà tí Bàbá fẹ̀yìn tì, àfi bí ẹni pé àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ fún ní ìwé. Láàárọ̀, ó ti wẹ̀, ó ti wọ bùbá àti ṣòkòtò, ó ń bi Ìyá pé níbo ni àwọn ń lọ.

Ìyá á ní, "Bàbá àwọn ọmọ, ọjà ni mò ń lọ o. Ẹ̀yin lẹ ti parí iṣẹ́ tiyín, èmi kò tíì parí tèmi."

Bàbá á padà jókòó ti rédíò. Ká má parọ́, inú rẹ̀ kì í dùn. Láti ọdún tí wọ́n ti fẹ́ra, ìdájí ni kálukú ń jáde, alẹ́ ni wọ́n ń ríra, ọ̀rọ̀ owó iléèwé àwọn ọmọ ni wọ́n sì máa ń sọ. Ní báyìí tí àwọn ọmọ ti lọ tán, wọn kò mọ ohun tí wọn yóò máa bára wọn sọ mọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le ni pé ọmọ wọn kan ránṣẹ́ láti Èkó pé kí Ìyá wá bá òun tọ́jú ọmọ. Oṣù mẹ́ta tí Ìyá ní òun fẹ́ lò di oṣù mọ́kànlá. Nígbà tó máa fi dé, Bàbá ti rù, oníbàárà púpọ̀ sì ti yà sí ìsọ̀ ẹlòmíràn. Ni Bàbá bá là á mọ́lẹ̀: "Ìyá àwọn ọmọ, n kò ní kí o má ṣọ́ ọmọ-ọmọ, n kò sì ní kí o ti ìsọ̀ pa. Ọjọ́ kan péré láàrin ọ̀sẹ̀ ni mò ń tọrọ."

Ìyá rò ó lọ, ó rò ó bọ̀, ó fún un ní Ọjọ́bọ̀. Ọmọbìnrin tó ń kọ́ òwò lọ́dọ̀ rẹ̀ ló ń dúró ti ìsọ̀ lọ́jọ́ náà.

WỌN KÒ RÌN JÌNNÀ

Ẹ má rò pé òkè òkun ni wọ́n lọ o. Ní Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́, ibùdókọ̀ rélùwéè Ìkìrun ni wọ́n fẹsẹ̀ rìn lọ. Ọdún 1907 ni ojú irin láti Èkó dé Òṣogbo. Ó gba Ìkìrun àti Òkukù kọjá, ó sì dé Ìlọrin ní 1908. Wọ́n ra gúgúrú àti ẹ̀pà, wọ́n jókòó. Ibẹ̀ ni Ìyá ti sọ pé nígbà tí òun wà ní ọmọdébìnrin, òun a máa gbé ọsàn wá síbẹ̀ tà fún èrò ọkọ̀. Bàbá lanu. Gbogbo ọdún tí wọ́n ti fẹ́ra, kò gbọ́ ọ rí!

Ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n wọ takisí lọ sí Ìnísà. Tíṣà kì í gbàgbé iṣẹ́, ni Bàbá bá bẹ̀rẹ̀ ìtàn ogun Jálumi nínú ọkọ̀. Ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 1878 ni ọmọ ogun Ìbàdàn, tí Balógun Àjàyí Ògbóríẹfọ̀n ṣáájú wọn, ṣẹ́gun Ìlọrin, Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àti Ìlá nítòsí Ìkìrun. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sá lọ ló já sínú odò Ọ̀tìn, ibẹ̀ ni orúkọ Jálumi ti wá.

Ìyá rẹ́rìn-ín. Ó ní ṣé Bàbá mọ ẹni tí Ọ̀tìn fúnra rẹ̀ jẹ́? Ìtàn tí wọ́n ń sọ ní Ìnísà ni pé obìnrin láti Ọ̀tan ni, tó wá gbèjà Ìnísà lọ́wọ́ ọ̀tá kó tó di odò. "Ẹ ò rí i pé obìnrin ló gbẹ̀yìn ogun yín!" Dẹ́rẹ́bà pàápàá rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Òkukù ló wá yàtọ̀. Bàbá ń sọ nípa Karin Barber, obìnrin òyìnbó tó gbé Òkukù fún bí ọdún mẹ́ta láàrin 1970 sí 1980, tó sì gbé ìwé jáde ní 1991 lórí oríkì tí àwọn obìnrin ìlú náà ń ké. Ìyá ní òyìnbó gbìyànjú, ṣùgbọ́n Òkukù ni wọ́n ti bí ìyá òun, òun náà gbọ́ díẹ̀. Lójú títì níbẹ̀, ó ki ọkọ rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀, ó ki bàbá rẹ̀, ó ki bàbá bàbá rẹ̀. Láti ọjọ́ ìgbéyàwó, Bàbá kò tíì gbọ́ irú rẹ̀ mọ́. Omi lé ròrò sí i lójú.

ARÁ ỌJÀ SỌ̀RỌ̀

Ṣé ẹnu ayé ṣe é dí? Àwọn kan lọ́jà ní Ìyá ti fi nǹkan sí ọbẹ̀ Bàbá. Àwọn mìíràn ní ẹni tó bá ń ṣe fàájì lọ́jọ́ iṣẹ́, òwò rẹ̀ á kú. Òwò kò kú o. Owó takisí, ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín ni ìnáwó wọn. Ọmọ iṣẹ́ náà sì ti mọ oníbàárà, ó ti lè dá ìsọ̀ dúró.

Ní oṣù kẹta ọdún 2019, ìjọba àpapọ̀ ṣe ìfilọ́lẹ̀ ètò owó ìfẹ̀yìntì fún oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́, kí wọ́n lè máa fi díẹ̀díẹ̀ pamọ́ fún ọjọ́ alẹ́. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ owó nìkan kọ́ ni ìsinmi. Ẹni tó ní owó ọjọ́ alẹ́, tí kò mọ ẹni tí wọ́n jọ dé alẹ́, kí ló rí jẹ?

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, kò sí ẹni tí yóò kọ lẹ́tà yẹn sí yín. Ẹ fọwọ́ ara yín kọ ọ́, kó tiẹ̀ jẹ́ ti ọjọ́ kan láàrin ọ̀sẹ̀. Ẹni tí ọkọ tàbí aya rẹ̀ kò bá gbà, kó kọ̀wé sí wa, ká jọ gbà á níyànjú.