Ìdí Tí Gàrí Ìjẹ̀bú Fi Ń Kan

Oúnjẹ méjì ni ó ń gbé orúkọ ibi tí ó ti wá kiri ọjà láti Ìpínlẹ̀ Ògùn: ìrẹsì Ọ̀fàdà, tí ó ń jẹ́ orúkọ abúlé kan ní agbègbè Ọbáfẹ́mi-Owódé, àti gàrí Ìjẹ̀bú. Ti gàrí ni a ó sọ níhìn-ín. Ẹni tí ó bá fi omi tútù àti ẹ̀pà mu ún mọ̀ pé kíkan rẹ̀ ni adùn rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí adùn nìkan ni a fi ń jẹ́ kí ó kan.

Gbágùúdá tútù ní májèlé tí àwọn onímọ̀ ń pè ní sáyánáìdì. Nígbà tí a bá rin gbágùúdá kúnná, èròjà mìíràn tí ó wà nínú rẹ̀ yóò tú májèlé yìí sílẹ̀. Díẹ̀ yóò bá omi ṣàn jáde nínú àpò, ooru agbada yóò sì lé púpọ̀ nínú ìyókù lọ sínú afẹ́fẹ́. Èyí gba àkókò. Nítorí náà ni àwọn obìnrin Ìjẹ̀bú fi ń fi í sílẹ̀ nínú àpò fún ọjọ́ mẹ́ta títí dé márùn-ún, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọn tó sẹ́ ẹ, kí wọn sì yan án. Wọn kì í fi epo pupa sí i. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í pọ́n.

Bí gàrí bá wọ́n, ìdánwò ńlá ni láti yan èyí tí kò tíì lò ju ọjọ́ kan lọ. Ọ̀ràn náà kò kéré. Ní àwọn ọdún 1960, Dókítà B. O. Osuntokun ti Yunifásítì Ìbàdàn ṣe ìwádìí ní agbègbè Ẹ̀pẹ́ nípa àìsàn kan tí ń mú ẹsẹ̀ kú, tí ó sì ń ba ojú jẹ́. Ó ka májèlé inú oúnjẹ gbágùúdá sí ohun tí ó ń fà á. Ẹni tí kì í rí ẹja tàbí ẹran jẹ ni irú májèlé bẹ́ẹ̀ ń bá jà jù.

Yíyan pẹ̀lú ní òfin tirẹ̀. Ìlànà tí àwọn orílẹ̀-èdè fi ọwọ́ sí ni pé omi inú gàrí kò gbọdọ̀ ju ìpín 12 nínú 100 lọ. Èyí tí kò bá gbẹ tó yóò bu nínú àpò, bí ó tilẹ̀ kan dáadáa. Gàrí tí ó gbẹ, bí a bá fún ẹ̀kúnwọ́ rẹ̀ kan, kì í dì mọ́ra. Yóò máa ṣàn jáde láàárín ìka bí iyanrìn.