Egungun Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Lé, Kí Ẹ Tó Ya Ojú

Ẹ fi ìka kan lé àtàrí yín, kí ẹ fi òmíràn sábẹ́ àgbọ̀n. Níbo ni ẹyinjú yín bọ́ sí láàárín méjèèjì? Ọ̀pọ̀ ènìyàn á ní ó sún mọ́ òkè. Ẹ wọ̀n ọ́n dáadáa: àárín gan-an ló wà.

Ohun tó ń ṣì wá lọ́nà ni pé ojú, imú àti ẹnu là ń wò bí a bá ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Ta ló ń wo àtàrí ẹni? Nítorí náà, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ àwòrán a gé orí kúrú lókè, bó bá sì jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ ló ti ń yà á, a bu ìpàkọ́ sọnù. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìn ìlàjì orí ni etí wà tí a bá wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Bí ó bá wá dé fìlà fún ẹni tó yà, fìlà náà kò ní rí orí jókòó lé.

Àgbàlagbà ní egungun 22 nínú agbárí, láìka àwọn tíntìntín inú etí: mẹ́jọ yí ọpọlọ ká, mẹ́rìnlá ló gbé ojú ró. Àgbọ̀n ìsàlẹ̀ nìkan ló ń mì nínú wọn. Kò pọn dandan kí ayàwòrán mọ orúkọ gbogbo wọn. Ibi tí egungun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan awọ ló yẹ kó mọ̀: iwájú orí, òkè ojú níbi tí irun ojú wà, òkè imú, egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́, etí àgbọ̀n. Ẹni náà ìbáà sanra, ìbáà rù, ibẹ̀ ni ẹ ti máa dá a mọ̀.

Ẹ wo imú. Ihò ló wà níbẹ̀ lára agbárí, nítorí egungun òkè imú kò gùn rárá. Ohun rírọ̀ ló parí ìyókù. Ẹ fi ìka ti ṣóńṣó imú yín, yóò yẹ̀. Ẹ ti òkè rẹ̀, kò ní mira. Tí ẹ bá ń mọ orí pẹ̀lú amọ̀, níbi tí líle ti pàdé rírọ̀ yẹn ni imú ti máa ń yí díẹ̀. Ojú ńkọ́? Ẹyinjú jẹ́ bọ́ọ̀lù tí ìbú rẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà méjì àtààbọ̀, ó jókòó sínú kòtò egungun, ìpéǹpéjú sì bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ gbẹ́ kòtò ná, ẹ fi bọ́ọ̀lù sí i, kí ẹ tó fi awọ bò ó. Ẹni tó kàn fa ìlà bí ewé sára amọ̀ títẹ́jú kò tíì ṣe ojú.

Egungun nìkan kọ́ ló wà lábẹ́ awọ: ẹ gbé ọwọ́ lé ẹ̀bátí, kí ẹ wá máa jẹun. Iṣan tó ń sún lábẹ́ ọwọ́ yín yẹn gba abẹ́ egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọjá lọ di àgbọ̀n mú.

Ti ọmọ ọwọ́ yàtọ̀. Àwùjẹ̀ rẹ̀ ṣì rọ̀, ọpọlọ rẹ̀ ti tóbi, ṣùgbọ́n ojú àti àgbọ̀n ṣì kéré, nítorí náà ẹyinjú rẹ̀ wà nísàlẹ̀ àárín orí. Ẹ ya ọmọ pẹ̀lú ìwọ̀n àgbàlagbà, àgbàlagbà kúkúrú lẹ máa rí. Bí eyín arúgbó bá ti ká, egungun tó gbé eyín náà a máa kéré sí i, àgbọ̀n a sì máa sún mọ́ imú.

Àwọn agbẹ́gilére wa ti mọ̀ tipẹ́ pé egungun ló ń ṣáájú ojú. Father Kevin Carroll, tó bẹ̀rẹ̀ sí í bójú tó ìsọ̀ iṣẹ́ ọnà Ọ̀yẹ́-Èkìtì ní 1947, kọ orúkọ ìpele iṣẹ́ wọn sínú ìwé rẹ̀ ní 1967: ọnà lílé, àlétúnlé, dídán, fínfín. Ìsọ̀ yẹn ni Lámídì Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá-Ọ̀ràngún, ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ George Bándélé. Fínfín ló kẹ́yìn. Ọnà lílé, ìyẹn gígé ìrísí orí jáde lára igi, ni iṣẹ́ agbárí. Bí ẹ bá lé e wọ́, kò sí fínfín tó lè tún un ṣe.

Ní 1938, níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, Ilé-Ifẹ̀, wọ́n hú àwọn orí bàbà àti idẹ tí ọ̀pọ̀ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó orí ènìyàn. Lójú mi, kì í ṣe ìlà wẹ́wẹ́ tó wà lójú wọn ló mú wọn dà bí alààyè; ẹran ara tó jókòó lórí egungun ni. Ère ìbejì gba ọ̀nà mìíràn: orí tóbi ju ara lọ, ẹyinjú yọ síta. Ìyẹn kì í ṣe àìmọ̀. Agbẹ́gilére mọ ohun tó fẹ́ fi hàn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Ìdó-Ọ̀ṣun àti Òṣogbo tó ń kọ́ṣẹ́ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wá agbárí ènìyàn kiri. Ọ̀ràn ńlá ni, lọ́dọ̀ òfin àti láwùjọ. Agbárí oníke tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ń lò wà. Agbárí àgbò lẹ́yìn Iléyá á kọ́ ojú yín láti máa rí egungun. Ojú tiyín nínú dígí kò sì ná yín ní kọ́bọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wọkọ̀ lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà ní Ilé-Ifẹ̀. Ẹ má dúró síwájú ère nìkan. Ẹ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ wo ìpàkọ́.