Kẹ̀kẹ́ Tí Kò Kúrò Lójú Kan: Àyẹ̀wò Ìlò Agbékẹ̀kẹ́dúró Nínú Yàrá ní Ṣómólú àti Bàrígà

Ohun tí bébà yìí dá lé lórí ni irinṣẹ́ kan tí a fi ń de kẹ̀kẹ́ ológeere mọ́lẹ̀, kí ẹni tí ó gùn ún lè máa wà á nínú yàrá láìkúrò lójú kan. Irinṣẹ́ yìí kò tíì ní orúkọ tí gbogbo ènìyàn fẹnu kò lé lórí. 'Agbékẹ̀kẹ́dúró' ni a ó máa pè é níhìn-ín, nítorí pé iṣẹ́ tí ó ń ṣe gan-an nìyẹn. Ìbéèrè wa kò ju ẹyọ kan lọ: ǹjẹ́ ẹni tí ń gbé yàrá kan ní Bàrígà lè lò ó láìṣe ara rẹ̀ ní jàǹbá?

Èrò tí ó wà nídìí rẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí wa. Télọ̀ tí ń fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ láti àárọ̀ di alẹ́ kò kúrò lójú kan. Ní ọdún 1796, Francis Lowndes gba ìwé àṣẹ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ẹ̀rọ kan tí ó pè ní Gymnasticon, tí ẹni tí oríkèé ń dùn yóò fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ yí. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé aṣọ ni télọ̀ ń rí mú jáde. Òógùn lásán ni tiwa.

Kí ló dé tí a kò kúkú gun kẹ̀kẹ́ jáde? Ẹni tí ó bá mọ àdúgbò àwọn atẹ̀wé ní Ṣómólú kò ní béèrè. Ọmọlanke tí ó ru bébà, ọlọ́jà ẹ̀bá títì àti gọ́tà tí kò ní ìdérí ni wọ́n jọ ń du ojú ọ̀nà kan ṣoṣo. Nígbà tí òfin tí ó lé ọ̀kadà kúrò ní títì dé Ṣómólú ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, àwọn kan rò pé àyè yóò ṣí sílẹ̀ fún ológeere. Lójú tiwa, kò rí bẹ́ẹ̀: Márúwá ni ó gba àyè náà, ó sì gba orúkọ mọ́ ọn, nítorí pé bí ènìyàn bá pe 'kẹ̀kẹ́' ní Bàrígà lónìí, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni wọn yóò dá dúró fún un.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ó ti ń ṣiṣẹ́. Irin méjì ni ó ń di ọ̀pá àárín ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ mú, tí yóò gbé e kúrò nílẹ̀ díẹ̀. Táyà yóò wá fara ti irin róbótó kan tí ń yí. Ohun tí ń mú yíyí náà le lè jẹ́ abẹ̀bẹ̀, epo tàbí òòfà. Alábẹ̀bẹ̀ a máa pariwo. Olóòfà ni a fara mọ́ jù: bí àwo irin ti ń yí láàárín òòfà ni agbára mànàmáná ń dìde nínú irin náà fúnra rẹ̀, tí ó sì ń fà á sẹ́yìn. Kò nílò iná ìjọba rárá, èyí kì í sì í ṣe ohun kékeré. Bí táyà kò bá tẹ irin náà dáadáa, yóò máa yọ̀, yóò sì jẹ kíákíá. Nítorí pé ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ga, a ní láti fi nǹkan gbé iwájú sókè. Ìdì àgékù bébà láti ọ̀dọ̀ atẹ̀wé ni a ń lò.

Ooru ni ọ̀ràn tí ó le jù. Bí a bá pín agbára tí iṣan ń ná sí mẹ́rin, nǹkan bí ìdá kan ni ó ń dé ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́. Mẹ́ta ìyókù di ooru. Ẹni tí ó bá ń fi ọgọ́rùn-ún wáàtì wa kẹ̀kẹ́ ń tú nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún wáàtì ooru sínú yàrá, bí ìgbà tí a tan gílóòbù àtijọ́ oní-60 wáàtì márùn-ún pọ̀. Lójú títì, afẹ́fẹ́ a gbé e lọ. Nínú yàrá, òógùn nìkan ni ó kù, òógùn kì í sì í tu ara bí kò bá gbẹ, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ Èkó kì í jẹ́ kí ó tètè gbẹ. Ní ọjọ́ kìíní tí a gùn ún, a ti fèrèsé pa nítorí ariwo. Kò pé ogójì ìṣẹ́jú tí òòyì fi kọ́ wa, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni a bá ara wa.

Láti ìgbà náà, ìdájí ni a ń gùn ún, pẹ̀lú fèrèsé àti ilẹ̀kùn ní ṣíṣí àti omi nítòsí. Bí iná bá wà, fáànù yóò kọjú sí àyà. Bí kò bá sí, ogún ìṣẹ́jú ti tó. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tan jẹnẹrétọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nítorí fáànù yìí. Afẹ́fẹ́ olóró inú èéfín rẹ̀ kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ẹni tí ó sì ń mí gúlegúle ni yóò fà á símú jù.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ọdún 2020 dámọ̀ràn 150 sí 300 ìṣẹ́jú eré ìdárayá ìwọ̀nba lọ́sẹ̀ fún àgbàlagbà. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ní ọjọ́ márùn-ún ti kájú rẹ̀. Kí ẹlẹ́jẹ̀ ríru kọ́kọ́ rí dókítà.

Ní ti owó, ènìyàn mẹ́ta ni ó dá owó ra tiwa. Ẹni tí ó bá gùn ún tán ni yóò nu irin rẹ̀, nítorí pé iyọ̀ inú òógùn a máa jẹ irin.