Kí Ló Dé Tí Ndidi Fi Dúró Di Ọmọ Ọdún Méjìdínlógún?

 

Ní bí oṣù kan sẹ́yìn, nígbà bíréèkì, ọ̀rẹ́ mi kan pè mí sẹ́yìn kíláàsì. Gbogbo yín lẹ mọ̀ ọ́n, òun ló máa ń gbá bọ́ọ̀lù àárín fún wa, ṣùgbọ́n ó ní kí n má dárúkọ òun. Ó sọ fún mi pé òun ò ní padà wá ní táàmù tó ń bọ̀. Ó ní ọkùnrin kan wá wo àwọn níbi tí àwọn ti ń gbá bọ́ọ̀lù nírọ̀lẹ́, ó ní éjẹ́ǹtì lòun, òun á mú un dé Yúróòpù kí ọdún yìí tó parí. Ohun tó kù ò ju kí bàbá rẹ̀ wá ₦400,000 fún físà àti ìwé. Bàbá rẹ̀ sì ti ń wá ẹni tó máa gba oko kòkó wọn lọ́nà Ẹmùré ní ìdógò, kí wọ́n lè fi yá owó náà.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni ọ̀rẹ́ mi, bíi tèmi.

Mo bi í pé, "Ṣé ó dá ẹ lójú?" Ó wò mí, ó ní, "Ìwọ wo Ndidi. Ṣé Ndidi jókòó de WAEC ni?"

Mi ò mọ èsì tí mo lè fún un lọ́jọ́ yẹn. Mo gbé ìbéèrè náà lọ sílé, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí. Ohun tí mo rí nìyí. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri nítorí mo mọ̀ pé ọ̀rẹ́ mi nìkan kọ́ ni wọ́n ń bá sọ irú ọ̀rọ̀ yìí láàárín Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ àti Ẹmùré.

Bí Ndidi ṣe bẹ̀rẹ̀

Ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá ọdún 1996 ni wọ́n bí Wilfred Ndidi ní Èkó. Sójà ni bàbá rẹ̀, bárékè ní Ìkẹjà ló sì dàgbà sí. Bàbá yìí ò fẹ́ kó gbá bọ́ọ̀lù, ìwé ló fẹ́ kó kà. Ẹ̀yin tí wọ́n ti fi pàṣán lé kúrò lórí pápá rí, ẹ ti mọ irú ilé tí mò ń wí. Ẹ wá rò ó pé sójà ló mú pàṣán náà dání!

Ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Nath Boys ní Èkó ló ti kọ́ṣẹ́ bọ́ọ̀lù. Ẹ̀yìn gan-an ló máa ń gbá nígbà yẹn, kì í ṣe àárín. Ibẹ̀ ni ojú ẹni tó ń wá agbábọ́ọ̀lù fún Genk, ẹgbẹ́ kan ní Bẹ́ljíọ̀mù, ti tó o. Ndidi ò tíì pé ọdún 18 nígbà náà.

Ibí ni kí ẹ ti fi ọkàn bá mi lọ. Genk rí i, wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, owó wà lọ́wọ́ wọn, síbẹ̀ wọn ò gbà á síṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n dúró. Oṣù Kejìlá 2014 ni Ndidi pé ọdún 18. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kìíní 2015, ó gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ líìgì àkọ́kọ́ rẹ̀ fún Genk, wọ́n bá Charleroi pàdé. Ẹ ṣírò ó wò: láti ọjọ́ ìbí yẹn sí ọjọ́ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ náà, kò pé ọ̀sẹ̀ méje. Ó jọ pé ẹnìkan jókòó ti kàlẹ́ńdà, tó ń ka ọjọ́.

Ní Bẹ́ljíọ̀mù, ọ̀dọ̀ ìdílé kan ló ń gbé, kó má bàa dá nìkan wà nínú òtútù. Nígbà tó yá, Genk gbé e kúrò lẹ́yìn wá sí iwájú àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn. Ẹ̀yin tí ẹ kì í wo bọ́ọ̀lù, iṣẹ́ yẹn dà bí iṣẹ́ ẹni tó ń ṣọ́ géètì. Gbogbo ẹni tó bá fẹ́ wọlé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni yóò gbà kọjá. Á gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ wọn, á fún ẹlòmíì, á tún sáré padà síbi tó wà. Kì í ṣe òun ni wọ́n sábà máa ń pariwo orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí kò bá sí níbẹ̀, gbogbo ilé á mọ̀. Òun náà sì mọ góólù í gbá: ní 2016, ó fi bọ́ọ̀lù kan wọlé Club Brugge láti ọ̀nà jíjìn, wọ́n sì dìbò yàn án ní góólù tó dára jù lọ ní sáà yẹn ní Bẹ́ljíọ̀mù.

Oṣù Kìíní 2017, lẹ́yìn ọdún méjì péré, Leicester City ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rà á. Àwọn oníròyìn pe owó náà ní mílíọ̀nù 15 sí 17 pọ́n-ùn. Leicester ṣẹ̀ṣẹ̀ gba Premier League ní 2016 ni, ṣùgbọ́n N'Golo Kanté, ẹni tó ń ṣọ́ géètì fún wọn, ti lọ sí Chelsea. Bàtà Kanté ni wọ́n ní kí ọmọ ogún ọdún wọ̀. Ó sì wọ̀ ọ́. Ní sáà 2017/18, kò sí ẹni tó gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ alátakò tó o ní gbogbo Premier League. Ní 2018 ó bá Super Eagles lọ sí Ife Àgbáyé ní Rọ́ṣíà. Ọjọ́ 15 oṣù Karùn-ún 2021, ó wà lórí pápá ní Wembley nígbà tí Leicester na Chelsea ní 1-0 láti gba ife FA.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ti 2019. Nígbà tí owó ti wà, tí orúkọ ti wà, Ndidi lọ forúkọ sílẹ̀ ní De Montfort University ní Leicester kan náà, ó ń kọ́ nípa okòwò. Bàbá sójà yẹn sì rí ohun tó ń fẹ́.

Òfin tó ní kó dúró

Kí ló dé tí Genk fi dúró? Òfin ni. FIFA ní ìwé òfin lórí bí agbábọ́ọ̀lù ṣe ń ti ẹgbẹ́ kan lọ sí òmíràn. Òfin kọkàndínlógún nínú rẹ̀ sọ pé agbábọ́ọ̀lù tí kò bá tíì pé ọdún 18 kò gbọdọ̀ kúrò ní orílẹ̀-èdè kan lọ gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ ní orílẹ̀-èdè mìíràn. Láti 2001 ni FIFA ti gbé irú òfin yìí kalẹ̀, nítorí pé àwọn kan ń kó ọmọ kéékèèké láti Áfíríkà lọ sí Yúróòpù. Ọmọ tí wọn ò bá rí tà, wọ́n á já a sílẹ̀ lójú títì, kò ní owó, kò ní ìwé, kò mọ ẹnì kankan.

Òfin yìí ní eyín. Ní 2014, FIFA fìyà jẹ Barcelona nítorí rẹ̀. Ní 2019, ó kan Chelsea. Wọ́n ní kí wọ́n má forúkọ agbábọ́ọ̀lù tuntun sílẹ̀ fún ìgbà ìrajà méjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n padà dín ti Chelsea kù. Ẹ jẹ́ kí n bi yín: òfin tó mú Barcelona, tó mú Chelsea, ṣé ọkùnrin tó gun ọ̀kadà wá sí pápá wa ló máa fò ó kọjá?

Àwọn kan máa sọ pé, "Iwobi ńkọ́?" Òótọ́ ni. Èkó ni wọ́n bí Alex Iwobi ní 1996, ó sì ti wà ní Arsenal láti ìgbà tó wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn òbí rẹ̀ ló kó o lọ nígbà tó wà ní kékeré, ilé wọn ló sì ti ń lọ. Òfin náà fi àyè sílẹ̀ fún ọmọ tí òbí rẹ̀ bá kó lọ fún ìdí tí kì í ṣe ti bọ́ọ̀lù. Ọ̀rẹ́ mi ò sí nínú èyí. Oko kòkó ò ṣeé kó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù.

Ẹnìkan tún wà tí wọ́n bí ní 1996, Joe Aribo. Orúkọ rẹ̀ lódindi, Ayodele-Aribo, ti sọ ilé rẹ̀ fún yín. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí òun sí, àárín kílọ́ọ̀bù ńláńlá, síbẹ̀ nígbà tó pé ọmọ ọdún 18, Staines Town ló wà, ẹgbẹ́ kékeré kan ní ìpele kẹfà. Charlton mú un ní 2015, Rangers mú un ní 2019, ọdún yẹn náà ló kọ́kọ́ wọ aṣọ Super Eagles. Ní 2022, òun ló gbá góólù wọlé fún Rangers nínú àṣekágbá Europa League. Nítorí náà, ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù gan-an dúró. Kì í ṣe àwa ará Èkìtì nìkan ni ọ̀nà jìn sí.

Ta ló yẹ kó sanwó?

Èyí ni mo rò pé gbogbo òbí yẹ kó gbọ́. Nínú bọ́ọ̀lù tòótọ́, owó kì í ti ọwọ́ òbí lọ sọ́dọ̀ kílọ́ọ̀bù. Ọ̀dọ̀ kílọ́ọ̀bù ló ti ń wá. Bí kílọ́ọ̀bù kan bá ra agbábọ́ọ̀lù láti orílẹ̀-èdè mìíràn, FIFA ní kí wọ́n yọ ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó náà sílẹ̀, kí wọ́n pín in fún àwọn ẹgbẹ́ tó tọ́ ọmọ náà láti ọmọ ọdún 12 sí 23.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò ṣe é. Ká ní wọ́n ra ọmọ kan ní mílíọ̀nù 10 pọ́n-ùn. Ọdún kọ̀ọ̀kan tó lò ní ẹgbẹ́ kan láti ọmọ ọdún 12 sí 15, ẹgbẹ́ yẹn á gba 25,000 pọ́n-ùn. Ọdún kọ̀ọ̀kan láti 16 sí 23, á gba 50,000. Ìdí nìyí tí ẹgbẹ́ gidi fi ń fi orúkọ ọmọ sílẹ̀ lọ́nà òfin, tí wọ́n sì ń tọ́jú ọjọ́ orí rẹ̀ bó ṣe rí gan-an. Ẹni tó bá gbà gbọ́ lóòótọ́ pé ọmọ kan máa di Ndidi, òun ló máa náwó sára rẹ̀. Ẹni tó bá ní kí o kọ́kọ́ mówó wá, owó yẹn gan-an lọjà tó wá rà.

Éjẹ́ǹtì náà ní òfin tirẹ̀. FIFA ló ń fún un ní ìwé àṣẹ lẹ́yìn tó bá ti yege ìdánwò, orúkọ rẹ̀ á sì wà nínú ìwé orúkọ tí FIFA gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kò gbọdọ̀ bá ọmọ tí kò tíì tó ọdún 18 dá nǹkan pọ̀ láìjẹ́ pé òbí fọwọ́ sí ìwé. Owó tirẹ̀, láti inú owó iṣẹ́ agbábọ́ọ̀lù tàbí lọ́wọ́ kílọ́ọ̀bù ló ti ń jáde, nígbà tí iṣẹ́ bá ti bọ́ sí i.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá wá bá yín ní pápá, ẹ bi í ní ohun mẹ́ta:
1. Nọ́ńbà ìwé àṣẹ FIFA yín dà?
2. Ẹgbẹ́ wo ló ń pè mí, ìwé tí wọ́n kọ dà?
3. Mi ò tíì pé 18. Báwo lẹ ṣe fẹ́ gba ti òfin kọkàndínlógún?

Níbi tí ọ̀rọ̀ dé

Mo kọ ìbéèrè mẹ́ta yìí sínú bébà, mo fún ọ̀rẹ́ mi. Kò kọ́kọ́ gbà á. Ó ní mò ń jowú òun. Ìyá rẹ̀ ló rí bébà náà nínú àpò ṣòkòtò tó fẹ́ fọ̀, tó sì ní kí bàbá pe ọkùnrin náà. Ọkùnrin náà ní òun á mú ìwé wá lọ́jọ́ Jímọ̀. Jímọ̀ mẹ́ta ti kọjá báyìí. Oko kòkó ṣì wà lọ́wọ́ wọn.

Ọ̀rẹ́ mi ò tíì fi bẹ́ẹ̀ dárí jì mí. Ó ní tó bá jẹ́ pé òótọ́ ni ọkùnrin yẹn ń sọ ńkọ́? Mi ò bá a jà. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni wá. Ọdún méjì tí òfin ní kó fi dúró yìí, ọdún méjì yẹn náà la máa fi ka SS2 àti SS3. Kì í ṣe pé WAEC ń dí bọ́ọ̀lù lọ́wọ́. Àyè tí bọ́ọ̀lù fi sílẹ̀ ni WAEC bọ́ sí.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ọ̀rọ̀ kan ló kù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Bí a bá ń sọ fún ọmọ lójoojúmọ́ pé bọ́ọ̀lù ò lérè, éjẹ́ǹtì á dé, á sọ fún un pé ó lérè, éjẹ́ǹtì ni ọmọ náà máa gbà gbọ́. Ẹ jẹ́ kí ó ti ẹnu yín gbọ́ ọ, pẹ̀lú òfin àti ìṣirò rẹ̀.

Ọmọ Ìgbò kan wà ní SS1 tí mo lọ bi léèrè ohun tí "Ndidi" túmọ̀ sí ní èdè wọn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Sùúrù."

Mo ti sọ ìyẹn fún ọ̀rẹ́ mi náà. Kò dá mi lóhùn, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Mọ́ńdè ó wà ní kíláàsì, ó wọ sọ́ọ̀kì bọ́ọ̀lù sábẹ́ yunifọ́ọ̀mù rẹ̀, ó sì ń da ìṣirò kọ nínú ìwé mi.